Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Kọ́ Ọ̀kadà Gígùn

Àwọn ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí léraléra nìyí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn, mo fi èyí tó le sí ìsàlẹ̀. Ọ̀kadà onígíà tó kún ìgboro wa, irú Bajaj Boxer àti TVS, ni mo ní lọ́kàn.

Ṣé dandan ni kí n mọ kẹ̀kẹ́ gùn kí n tó kọ́ ọ̀kadà?

Kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n ó ń ranni lọ́wọ́ púpọ̀. Ẹni tó ti gun kẹ̀kẹ́ ológeere rí ti mọ bí ara ṣe ń dúró lórí táyà méjì, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan ló kù tó máa kọ́. Bí ẹ kò bá gùn ún rí, ẹ wá kẹ̀kẹ́ yá fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò ní náwó epo, bí ẹ bá sì ṣubú, irin tó máa wó lù yín kò wúwo.

Irú ọ̀kadà wo ló yẹ kí n fi kọ́ ọ?

Èyí tí ẹsẹ̀ yín méjèèjì bá tẹlẹ̀ dáadáa nígbà tí ẹ bá jókòó lé e. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí ṣe pàtàkì ju orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lọ. Ẹ́ńjìnnì 100 sí 125 cc ti tó akẹ́kọ̀ọ́. Boxer 100 wúwo tó nǹkan bíi kílò 110, àgbàlagbà tó bá lókun lè gbé e dìde fúnra rẹ̀ bó bá ṣubú.

Ẹ má fi tuntun kọ́ ọ, nítorí ẹni tó ń ro owó táńkì kò ní fọkàn sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Ẹ má sì fi ògbólógbòó tí bíréèkì rẹ̀ ti kú kọ́ ọ. Èyí tí kò ní ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì (ohun tí à ń fà láti ya ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà ẹ̀yìn) rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá dé orí onígíà, ẹ óò tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe?

Ọwọ́ òsì ló ń fa kílọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń yí iná, ìyẹn ohun tí à ń yí kí eré lè pọ̀ sí i, ìka rẹ̀ náà ló ń fa bíréèkì iwájú. Ẹsẹ̀ òsì ni ti gíà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ti bíréèkì ẹ̀yìn. Ẹ jókòó lórí ọ̀kadà tí a ti pa, kí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kó máa pè é: “Kílọ́ọ̀ṣì! Bíréèkì ẹ̀yìn! Gíà kejì!” Kí ẹ máa fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ dá a lóhùn láìwo ilẹ̀. Bí ẹ bá ṣì ń wo ilẹ̀, ẹ kò tíì ṣe tán láti gbéra.

Ìtò gíà kò rí bákan náà lórí gbogbo wọn. Lórí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà, gbogbo gíà ni à ń fi iwájú ẹsẹ̀ tẹ̀, gìgísẹ̀ ló ń dá a padà. Lórí òmíràn, gíà kìíní wà nísàlẹ̀, à ń fi ìka ẹsẹ̀ gbé ìyókù sókè, fírì, ìyẹn ibi tí kò sí nínú gíà kankan, sì wà láàárín ìkíní àti ìkejì. Ẹ bi ẹni tó ni ín kí ẹ tó gùn ún. Ẹni tó rò pé òun ń lọ sí gíà kẹta tó sì já sí ìkíní lórí eré, táyà ẹ̀yìn lè há kó sì gbé e ṣánlẹ̀.

Kí ni kí n wọ̀?

Akoto, bàtà tó bo kókósẹ̀, ṣòkòtò tó nípọn, àti ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá rí. Akoto ló ṣáájú gbogbo rẹ̀. Ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé akoto ń dín ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tó ní ìjàmbá alùpùpù, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní nǹkan bí ìdá 69. Nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí kò dé e ní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà, kí wọ́n ṣáà má bàa bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Títí dòní ni mò ń rí ẹni tó gbé akoto kọ́ apá, tàbí tó dé e láìdè é lábẹ́ àgbọ̀n. Akoto tí a kò dè á ti ṣí kúrò kí orí tó kanlẹ̀. Ẹ dè é, kí ẹ wá mi orí. Bó bá ń yí, ó tóbi jù. Èyí tó bá ti gba ìjàmbá rí, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ẹ ṣọ́ra fún aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Etí ìró, ìborùn àti agbádá máa ń wọ ṣéènì tàbí sípóòkù, á sì fa èèyàn lulẹ̀ lójijì. Ẹ máa gba apá òsì gun ọ̀kadà, nítorí apá ọ̀tún ni sálẹ́ńsà wà lórí ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ wo ẹsẹ̀ ọ̀tún àwọn tó ń wọ ọ̀kadà lójoojúmọ́, ẹ óò rí àpá iná níbẹ̀.

Níbo ni kí n ti máa kọ́ ọ?

Pápá ilé-ìwé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tàbí ọ̀nà àdúgbò tuntun tí ilé kò tíì pọ̀ sí. Kí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, kó le, kó má ní iyanrìn. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀, kí ẹ sì lé àwọn ọmọdé jìnnà. Ọ̀nà títì kò tíì kàn yín.

Ọ̀kadà kò fẹ́ jí láàárọ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ẹ kọ́kọ́ wo táàpù epo lábẹ́ táńkì bóyá ẹ pa á lálẹ́ àná. Bí epo bá ti lọ sílẹ̀, ẹ yí i sí risáàfù, ìyẹn epo tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ táńkì. Ẹ fa ṣóòkù (ohun tó ń ran ẹ́ńjìnnì tó tutù lọ́wọ́ láti jí) bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ rí i pé ó wà ní fírì, kí ẹ tó ta á. Bó bá jí tán, ẹ dá ṣóòkù padà. Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, ó di ọ̀rọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ pe mẹkáníìkì.

Ọ̀kadà máa ń kú mọ́ mi lọ́wọ́ tí mo bá fẹ́ gbéra, bí kò bá kú á fò. Kí ló ń fà á?

Ẹ ń já kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Kílọ́ọ̀ṣì ló so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ táyà ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fà á, wọ́n pínyà. Bí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n tún so pọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń yí lọ́wọ́, táyà sì dúró sójú kan. Bí ẹ bá so wọ́n pọ̀ lójijì, yálà kí táyà dá ẹ́ńjìnnì dúró, kó kú, tàbí kí ẹ́ńjìnnì fi agbára gbé táyà, kó fò. Èyí tó kú kò léwu. Èyí tó fò ló ń ju akẹ́kọ̀ọ́ sí gọ́tà, nítorí ẹni tí ẹ̀rù bá bà máa ń di ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mú gírígírí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á tún máa fúnná sí i.

Láàárín kí a fà á tán àti kí a jọ̀wọ́ rẹ̀ tán, ibì kan wà tí kílọ́ọ̀ṣì ti ń mú. Ẹ óò gbọ́ tí ohùn ẹ́ńjìnnì máa rẹlẹ̀ díẹ̀, ọ̀kadà á sì fẹ́ sún. Ibẹ̀ ni kí ẹ wá. Ẹ fi sí gíà kìíní, ẹ má fúnná rárá, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí ẹ máa jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀kadà á fi fa ara rẹ̀ tó ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Ẹ tún fà á, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí mo bá ń kọ́, èyí nìkan ló máa ń ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Inú máa ń bí àwọn kan, wọ́n fẹ́ sáré. N kì í gbà fún wọn.

Kí ó wọ̀ yín lára pé nígbàkígbà tí nǹkan bá dàrú, kílọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ fà. Ẹ́ńjìnnì lè máa pariwo bó ṣe fẹ́. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá ti wọlé, kò lè gbé yín lọ síbì kankan.

Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan bíréèkì iwájú láé, pé á gbé mi ṣubú. Ṣé òótọ́ ni?

Ìmọ̀ràn yìí wọ́pọ̀ gan-an, ó sì ti ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ní jàǹbá. Nígbà tí ọ̀kadà bá ń dúró, ìwúwo rẹ̀ àti ti ẹni tó gùn ún máa ń rọ́ síwájú. Táyà iwájú á di ilẹ̀ mú ṣinṣin, ti ẹ̀yìn á fúyẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lórí títì gbígbẹ, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ìdúró ni bíréèkì iwájú ń ṣe. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ti ẹ̀yìn nìkan á lọ jìnnà kó tó dúró, táyà ẹ̀yìn sì lè há kó máa yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Gbígbá a mú lójijì ló ń gbéni ṣubú. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ kó máa le sí i, bí ẹni ń fún ọsàn tí kò fẹ́ kí omi rẹ̀ ta sí aṣọ, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún sì máa tẹ ti ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi òkúta sàmì sílẹ̀ ní pápá, kí ẹ bọ̀ ní eré 20 kìlómítà ní wákàtí, kí ẹ máa dán an wò títí ẹ óò fi lè dúró níbi àmì náà láìsí pé táyà há.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ dẹ ọwọ́ lórí ti iwájú náà wà: lórí iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti ẹrẹ̀, àti nígbà tí ẹ bá ti yí ọwọ́ ọ̀kadà láti ya kọ́nà. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó wọ kọ́nà, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá dé àárín rẹ̀.

Ìgbà wo ni kí n yí gíà?

Etí ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń han, ó fẹ́ gíà tó ga sí i. Bó bá ń gbọ̀n tó ń wúkọ́, ẹ dá a padà sẹ́yìn. Ẹ dá iná padà, ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, ẹ yí gíà, ẹ jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ wá fúnná. Bí ẹ bá ń dúró, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa dá a padà.

Ẹ má fi fírì sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè nítorí epo. Mo mọ̀ pé àwọn ọlọ́kadà ń ṣe é ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn àti lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Èkìtì. Nínú gíà, ẹ́ńjìnnì ń bá yín fa ọ̀kadà sẹ́yìn. Ní fírì, bíréèkì nìkan ló ń jìyà, á gbóná, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Mo ti lè sáré, ṣùgbọ́n bí mo bá ń rọra lọ, ṣe ni mò ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

Ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n gùn nìyẹn. Eré ń mú ọ̀kadà dúró ṣánṣán fúnra rẹ̀. Bó bá ń rọra lọ ni iṣẹ́ di tiyín. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àti àárín ọjà ni ẹ óò sì ti máa gùn ún jù. Ẹ mú kílọ́ọ̀ṣì dé ibi tó ti ń mú, ẹ fúnná díẹ̀, ẹ rọra tẹ bíréèkì ẹ̀yìn, kí ojú wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ gbé ike omi mẹ́fà kalẹ̀, kí ẹ máa lọ́ gba àárín wọn bí ẹni ń rìn.

Kí ló dé tí mo máa ń wọ kòtò tí mo fẹ́ yà fún gan-an?

Nítorí pé kòtò náà ni ẹ tẹjú mọ́. Ibi tí ojú bá ń lọ ni ọ̀kadà ń tẹ̀ lé. Ẹ rí kòtò, ẹ wá gbé ojú lọ sí ibi tó dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí kò bá ṣeé yà fún mọ́, ẹ tẹ bíréèkì kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ bí táyà iwájú bá fẹ́ wọlé, kí ẹ sì gbé ìdí díẹ̀ kúrò lórí ìjókòó.

Ṣé obìnrin lè kọ́ ọ?

Bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sí ọgbọ́n ọ̀tọ̀ níbẹ̀. Ní Èkó, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń gun alùpùpù ńlá wà tó ń jẹ́ D'Angels. Jeminat Olumegbon, ọ̀kan lára wọn, dá gun tirẹ̀ la ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá ní ọdún 2015. Ẹ wá èyí tí ẹsẹ̀ yín tẹlẹ̀ lórí rẹ̀, kí ẹ wọ ṣòkòtò, kí ẹ bẹ̀rẹ̀.

Ìwé wo ni mo nílò? Ṣé mo lè gùn ún níbikíbi l'Ékòó?

Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ń fúnni. Ìsọ̀rí A ni ti alùpùpù. Ọ̀kadà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà àti ìwé tirẹ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni bá yín gba ìwé láìjẹ́ pé wọ́n dán yín wò. Ìdánwò yẹn ń ṣe yín láǹfààní.

L'Ékòó, ìjọba fòfin de ọ̀kadà pátápátá láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Ìkẹjà, Súrùlérè, Etí-Ọ̀sà, Lagos Mainland, Lagos Island àti Àpápá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n fi mẹ́rin kún un: Kòṣọ́fẹ́, Oṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Muṣin. Ọ̀kadà kékeré tí ẹ fi kọ́ ọ kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀.

Ìgbà wo ni mo lè gbé èrò?

Kò ní yá tó bí ẹ ṣe ń rò ó. Àwọn kan ń kọ́ ọ̀kadà lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n á gbé ìyá ọlọ́mọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nítorí ẹni tó ni ọ̀kadà ti ń retí dílífà, ìyẹn owó tí wọ́n ń dá padà fún un. Mo mọ̀ pé ebi ń pa èèyàn. Síbẹ̀, mo rọ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ẹ̀mí tó jókòó sẹ́yìn yín kò mọ̀ pé àná lẹ kọ́ ọ; aṣọ ọlọ́kadà ló rí, ó rò pé ẹ mọṣẹ́.

Bí ẹni tó wọn kílò 70 bá jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà tó wọn 110, gbogbo ohun tí ọwọ́ yín ti mọ̀ ló yí padà. Iwájú á fúyẹ́, kò ní fẹ́ gbọ́ràn bí ẹ bá ń yà. Ẹ ó nílò ààyè tó gùn sí i láti dúró. Kílọ́ọ̀ṣì tó ti mọ́ yín lọ́wọ́ á tún máa pa ẹ́ńjìnnì. Èrò náà á yíjú wo ẹni tó kí i, ọ̀kadà á sì tẹ̀. Kí ẹ̀yin nìkan gùn ún fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ná, lọ́sàn-án, lálẹ́, nínú òjò. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àgbà ọlọ́kadà kan kó jókòó sẹ́yìn yín ní pápá, nítorí òun á mọ bí a ti ń jókòó jẹ́ẹ́, á sì tètè rí àṣìṣe yín.

Ẹnì kan ni èrò. Ẹ má gbé méjì, ẹ má gbé ọmọdé sórí táńkì. Ìyá tó pọnmọ tó sì fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ jókòó nítorí ìró, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Báwo ni kí n ṣe gùn ún nínú òjò?

Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ òjò ló burú jù, pàápàá òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀, nítorí ó ń po eruku àti ọ́ìlì ojú títì pọ̀. Ẹ yà sábẹ́ ibì kan títí á fi fọ̀ ọ́ lọ. Bí ẹ bá tún gbéra, kí gbogbo nǹkan rọra: iná, bíréèkì, yíyà. Ẹ yẹra fún ìlà funfun ojú títì àti irin tó bo gọ́tà. Omi tó dúró sójú ọ̀nà, ẹ kà á sí kòtò títí ẹ óò fi rí mọ́tò mìíràn tó gbabẹ̀ kọjá.

Báwo ni mo ṣe lè bá tírélà àti dánfó pín ọ̀nà?

Bí ẹ kò bá rí ojú awakọ̀ tírélà nínú dígí rẹ̀, òun náà kò rí yín. Ẹ má dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láé, pàápàá apá tó fẹ́ yà sí, nítorí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń gé kọ́nà náà kúrú, á sì há yín mọ́ bèbè títì. Yálà kí ẹ kọjá kíákíá tàbí kí ẹ dúró sẹ́yìn pátápátá. Ní ti dánfó, ẹ kà á sí pé ó lè dúró nígbàkígbà. Ẹ fi àyè sílẹ̀, ẹ má sì gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tí èrò ń bọ́ sílẹ̀.

Yíyà sí òsì ló ń dẹ́rù bà mí jù. Kí ni kí n ṣe?

Ó tọ́ kí ó dẹ́rù bà yín. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń rìn lápá ọ̀tún ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹni tó ń yà sí òsì gbọ́dọ̀ dábùú àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ tan tíráfíkétọ̀ tètè, ẹ wo dígí, ẹ yíjú wo ẹ̀yìn, ẹ sún sí àárín ọ̀nà, ẹ dúró sí gíà kìíní. Bí ẹni ẹ̀yìn bá ń fun fèrè, ẹ jẹ́ kó fun ún. Bí kò bá sí àyè rárá, ẹ lọ tààrà, kí ẹ wá ibi tó dákẹ́ yí padà.

Ìlú Ọba ni mo wà. Ṣé ó yàtọ̀?

Ó yàtọ̀. Apá òsì ni wọ́n ń rìn, ẹ kò sì lè bọ́ sójú títì láìṣe ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní CBT. Ẹni ọdún 17 lè fi ìwé rẹ̀ gun 125 cc pẹ̀lú àmì L, ìyẹn àmì akẹ́kọ̀ọ́, fún ọdún méjì. Kò gbọdọ̀ gbé èrò, kò sì gbọdọ̀ wọ mọ́tọ̀wéè títí yóò fi yege ìdánwò gan-an.

Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún lórí eré, kí n ti ọwọ́ ọ̀tún síwájú. Ṣé wọn ò ṣì í sọ?

Wọn kò ṣì í sọ. Bí ẹ bá ń rọra lọ, ibi tí ẹ yí ọwọ́ ọ̀kadà sí ló ń lọ. Ṣùgbọ́n bí eré bá ti kọjá nǹkan bíi 20 kìlómítà ní wákàtí, títẹ̀ ló fi ń yà. Bí ẹ bá ti ọwọ́ ọ̀tún síwájú díẹ̀, táyà iwájú á yẹ̀ sí òsì, ọ̀kadà á sì tẹ̀ sọ́tùn-ún. Gbogbo ẹni tó ń gun ún ń ṣe é láìmọ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n, nítorí bí ewúrẹ́ bá já lu ọ̀nà, títi ọwọ́ síwájú yẹn ló máa yí ọ̀kadà kíá. Ẹ dán an wò ní ọ̀nà tó ṣófo, díẹ̀díẹ̀.

Wáyà kílọ́ọ̀ṣì já mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má bẹ̀rù, bíréèkì méjèèjì ṣì wà. Ẹ dá iná padà, ẹ máa tẹ bíréèkì, ẹ sì máa dá gíà padà bí eré ṣe ń dín kù. Bí iná bá ti wálẹ̀, gíà á gbà láìsí kílọ́ọ̀ṣì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé á le díẹ̀. Ẹ wá fírì kí ẹ tó dúró. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Àwọn àgbà ọlọ́kadà mọ bí wọ́n ṣe ń taari rẹ̀, fò lé e, kí wọ́n sì gbá gíà kìíní sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ dán an wò láàárín mọ́tò. Ẹ tì í dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Wáyà kò wọ́n; ẹ ra ọ̀kan ní àpamọ́, kí ẹ ká a sábẹ́ ìjókòó, kí ẹ sì máa wo orí wáyà tó wà níbi ọwọ́ òsì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó máa ń fọ́n lẹ́yọ lẹ́yọ kó tó já.